Ààrò Mẹ́ta àti Wáyà Kan: Àgbéyẹ̀wò Agbára Tí Ṣábẹ̀ẹ́ Fi Ń Gbé Ayé

Ẹni tí ó bá gun orí àwọn òkè olókùúta tí ó yí ìlú Ṣábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ká ní ìdájí ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, kí oòrùn tó là, kí ìkùukùu tó ká kúrò lójú ilẹ̀, ohun kan wà tí yóò kọ́kọ́ rí kí ó tó rí òrùlé, kí ó tó rí igi, kí ó tó rí ojú ọ̀nà: èéfín ni. Yóò rí i bí ó ti ń yọ láti agboolé kan dé òmíràn, tí ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí kò kánjú, tí yóò sì tẹ́ pẹrẹsẹ sórí ìlú bí aṣọ tí àgbàlagbà dà bora. Orí òkè wọ̀nyí kan náà ni àwọn baba ńlá wa sá sí nígbà tí ogun Dàhọ̀mì ń dà wọ́n láàmú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, mo sì máa ń rò ó nínú ara mi pé ẹni tí ó sá pamọ́ sí ihò àpáta lè fi ọwọ́ bo ẹnu ọmọ rẹ̀ kí ó má baà ké, ṣùgbọ́n bí ó bá ti dáná pẹ́rẹ́, èéfín rẹ̀ ti bá ọ̀tá sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ bá wá mọ́ kedere, ojú yóò rí ìyókù. Yóò rí ojú irin tí ó la ìlú kọjá láti Kútọnu lọ sí Parakú, yóò rí òpó gíga tí ó gbé wáyà kúràn lé èjìká, yóò rí ọ̀nà tí ó lọ sí oko ìrèké àti ilé iṣẹ́ ṣúgà, yóò rí tábìlì onígi tí wọ́n to ìgò epo sí lẹ́bàá títì, bí oòrùn bá sì ti mú díẹ̀, yóò rí ohun pẹlẹbẹ kan tí ń kọ mànà lórí páànù ilé kan níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún. Díẹ̀ ni irú agbára tí ọmọ aráyé ń lò tí ènìyàn kò lè fi ojú kan ṣoṣo rí láti orí òkè yẹn. Ìyẹn ni ó fà á tí mo fi gbà pé ẹni tí ó bá fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ agbára wò kò níláti lọ sí ìlú òyìnbó. Kí ó jókòó sí Ṣábẹ̀ẹ́, kí ó máa bi ẹ̀yà agbára kọ̀ọ̀kan léèrè bí a ti ń bi àlejò: níbo ni o ti wá, ta ni ó rù ọ́ dé, kí ni o sì sè fún wa?

Ṣùgbọ́n kí a tó máa ka àlejò, ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń pè ní agbára, nítorí ọ̀rọ̀ náà fẹjú lẹ́nu wa. Yorùbá a máa sọ pé ọba ní agbára, pé oògùn ní agbára, pé ọtí yìí lágbára. Kò sì sí èyí tí ó ṣìnà nínú wọn. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ni ó fi ọ̀rọ̀ náà mọ sí ibi tóóró kan: ohun tí ó bá lè ṣe iṣẹ́, tí ó lè gbé ohun tí ó wà nílẹ̀ dìde, tí ó lè mú ohun tí ó tutù gbóná, tí ó lè lé òkùnkùn lọ, òun ni wọ́n ń pè ní agbára. Wọ́n tún sọ ohun kejì tí ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní ilé ìwé, pé agbára kì í kú, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò lè bí i, aṣọ ni ó kàn ń pààrọ̀. Iṣu tí àgbẹ̀ jẹ lánàá ni ó di okun apá rẹ̀ lónìí. Okun apá ni ó gbé ọkọ́ sókè. Ọkọ́ ni ó di ebè. Òógùn tí ó sì ń kán lójú rẹ̀, ooru iṣu náà ni ó ń bá a jáde. Omi tí ó dúró lórí òkè ní agbára ní ìpamọ́; bí ó bá ṣàn wálẹ̀, ti ìpamọ́ di ti ìrìn; bí ó bá yí ẹ̀rọ, ó di mànàmáná; bí mànàmáná bá sì wọ inú gílóòbù, ó di ìmọ́lẹ̀ àti ooru, ó sì fọ́n ká sínú afẹ́fẹ́ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè ṣà á jọ mọ́.

Òṣùwọ̀n sì wà fún bí agbára ti ń yára ṣiṣẹ́ tó. Orúkọ James Watt, ará Sìkọ́tílàǹdì tí ó tún ẹ̀rọ olóoru-omi ṣe, ni a fi ń pe wáàtì. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn ọkùnrin tí ara rẹ̀ le, tí ó ń roko láìsinmi, ipá tí ń ti apá rẹ̀ jáde kò ju nǹkan bí wáàtì 75 lọ; bí ó bá sì fi wákàtí 8 ṣe é, iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ kò pé ẹyọ kan ṣoṣo nínú àwọn ẹyọ tí mítà kúràn ń kà fún wa, ìyẹn kìlówáàtì-wákàtí kan, èyí tí télọ̀ kan lè fi áyọ́ọ̀nù jó tán láàárín wákàtí kan. Mo máa ń rántí ìṣirò yìí nígbàkígbà tí ará ìlú ńlá bá ń fi àgbẹ̀ ṣẹ̀sín. Ó sì tún jẹ́ kí ó yé mi ìdí tí gbogbo ayé fi ń du wáyà: ẹni tí ó bá fa wáyà wọ ilé rẹ̀, alágbàṣe tí kì í jẹun, tí kì í sì í sùn, ni ó fà wọlé.

Níbo wá ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣàn wá? Bí a bá tọ orírun rẹ̀ dé ìdí, ẹnu ọ̀nà kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ti jáde, ẹnu ọ̀nà oòrùn. Oòrùn ni ewé fi ń sè oúnjẹ ara rẹ̀ tí ó fi di igi. Igi àti ewéko àti àwọn ẹ̀dá wínníwínní inú òkun àtijọ́ tí erùpẹ̀ bò mọ́lẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀nà ẹgbẹ̀rún ọdún ni ó di èédú inú ilẹ̀, tí ó di epo rọ̀bì, tí ó di gáàsì. Oòrùn ni ó ń fa omi òkun sókè tí ó fi ń di òjò tí ó kún odò. Oòrùn ni ó ń mú ilẹ̀ kan gbóná ju èkejì lọ tí afẹ́fẹ́ fi ń fẹ́. Àwọn tí kì í ṣe ọmọ oòrùn kò pọ̀: ooru inú ilẹ̀, ìgbì òkun tí òṣùpá ń fà, àti yùréníọ̀mù, òkúta tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà ní Arlit ní ilẹ̀ Nìjẹ̀r ní 1971, tí a sì fi tan iná fún ará Faransé fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún nígbà tí ọ̀pọ̀ abúlé Nìjẹ̀r fúnra rẹ̀ wà nínú òkùnkùn. Mo mẹ́nu kan ìyẹn lásán ni. Ẹ jẹ́ kí a padà sídìí ààrò.

Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, wọn kò sì purọ́, nítorí pé bí ènìyàn bá wá ohun èlò tí ó pẹ́ jù lọ nínú ilé Yorùbá, tí ogun kò lè kó, tí iná kò lè jó, tí olè kò sì ní jí, òkúta mẹ́ta yẹn ni. Ìyá tí ó bí ìyá wa fi wọ́n dáná, ọmọ ọmọ rẹ̀ ń fi wọ́n dáná, títí di òní olónìí sì ni igi ìdáná àti èédú ń kó ipa tí ó tóbi jù lọ nínú agbára tí a ń lò nínú ilé ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kì í ṣe kúràn, kì í ṣe epo, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kúràn àti epo ni ìwé ìròyìn ń kọ, tí àwọn ìjòyè sì ń jókòó lé lórí. Kì í ṣe ọbẹ̀ àti ọkà nìkan ni a fi ń sè. Igi ni a fi ń yan gàrí. Igi ni àwọn obìnrin Fúlàní fi ń se wàrà títí tí yóò fi di wàgàsì. Igi ni a fi ń se òrí. Igi ni ó ń mú ẹmu gbóná nínú àgbá títí tí yóò fi sọ̀ kalẹ̀ bíi sódàbì, ọtí tí ń jó ọ̀nà ọ̀fun bí ẹni pé iná tí a fi sè é kò kú tán. Ṣáájú kí epo òyìnbó tó dé, òrí àti àdín ni ó ń jó nínú fìtílà, ògùṣọ̀ ni a fi ń rìn lóru, èédú sì ni alágbẹ̀dẹ, ọmọ Ògún, ń fi ẹwìrì fẹ́ títí tí irin yóò fi pọ́n bí ojú oòrùn alẹ́.

Igi pàápàá ní oyè. Obìnrin Ṣábẹ̀ẹ́ kan kò ní bá ọ du igi tí kò dára. Àyìn ni ọba wọn, igi líle tí ń jó pẹ́, tí kì í ta pàrà, tí ẹ̀yinná rẹ̀ sì ń wà títí di àfẹ̀mọ́júmọ́. Igi òrí náà dára, ṣùgbọ́n igi tí ń so ohun tí à ń jẹ, ojú a máa ti ẹni tí ó bá fi àáké kàn án, tàbí kí n sọ pé ojú a máa tì í tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, àwọn ìyá wa kì í gé igi tútù. Ẹ̀ka tí ó ti gbẹ ni wọ́n ń ṣà, wọ́n á dì í, wọ́n á fi òṣùká gbé e rù, wọ́n á sì dé ilé kí oòrùn tó le. Láìpẹ́ yìí ni mo pàdé ìyá kan lọ́nà oko tí ó ru ìdì igi tí ó gùn jù ú lọ. Mo ní, “Ìyá, ẹ kú làálàá o.” Ó dúró, kò yí ọrùn, nítorí ẹrù, ó ní, “O ṣé, ọmọ mi. Nígbà tí mo dé ilé ọkọ, ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń ṣẹ́ igi. Ní báyìí, kí n tó rí igi, mo ti fẹ́ẹ̀ rí ilé baba mi.” Mo rẹ́rìn-ín, òun kò rẹ́rìn-ín.

Ohun tí ó bani nínú jẹ́ ni pé lẹ́yìn gbogbo ìrìn yẹn, ààrò olókùúta mẹ́ta kì í náwó igi dáadáa. Bí a bá dáná sí gbangba tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, nínú ooru 100 tí igi náà mú wá, bóyá ni 10 sí 15 ń wọ inú ìkòkò. Ìyókù ń lọ sí ojú ọ̀run, sí ara ògiri, àti sí ojú ẹni tí ń sè é. Èéfín tí a sì ń fi ṣe àwàdà pé arẹwà ni ó ń tọ̀ lẹ́yìn kì í ṣe ohun àwàdà: Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020 nìkan, nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn ni èéfín inú ilé ìdáná pa káàkiri ayé, àwọn tí ó sì ń jókòó ti ààrò jù lọ ni ìyá àti ọmọ tí ó pọ̀n sẹ́yìn.

Láti inú igi ni èédú ti jáde wá, ọ̀ràn rẹ̀ sì le ju ti igi lọ. Ará ìgbèríko ni ó ń jó igi. Ará ìlú ni ó ń jó èédú, nítorí pé kì í rú èéfín púpọ̀, ó fúyẹ́, ó sì rọrùn láti rà ní agolo tàbí ní àpò. Ẹni tí ó bá ń gba títì láti Ṣábẹ̀ẹ́ lọ sí Kútọnu, ìrìn bíi 250 kìlómítà, yóò rí àwọn àpò náà bí wọ́n ti tò wọ́n gọ́ngọ́ lẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n fi koríko dí wọn lẹ́nu, tí wọ́n ń dúró de ọkọ̀ ńlá. Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí: wọn a gé igi, wọn a tò ó jọ bí òkìtì, wọn a fi koríko àti erùpẹ̀ bò ó, wọn a ti iná bọ̀ ọ́ nínú, wọn a sì máa ṣọ́ ọ lọ́sàn-án lóru kí ó má baà gbiná, nítorí pé bí afẹ́fẹ́ bá rí àyè wọlé, eérú ni wọn yóò bá. Nínú igi tí ó wọn 100 kìlógíráàmù, èédú tí ó jáde kì í ju bíi 15 sí 20 lọ. Ó sì lé ní ìdajì agbára igi náà tí ó ti bá èéfín lọ kí àpò tó délé. Nítorí náà, bí ìyàwó ilé kan ní Kútọnu bá dá èédú àpò kan, igi tí ó jó ní ilẹ̀ wa ju èyí tí ojú rẹ̀ rí lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po.

Àwọn kan a máa bú àwọn aládàáná èédú yìí bí ẹni pé àwọn nìkan ni ó ń jẹ igbó run, pàápàá àwọn igbó ọba bíi ti Wẹmẹ-Búkù àti ti Túì-Kìlíbò. Èmi kò sí lára wọn. Ẹni tí ó jẹ ẹran tí ó ń bú ọdẹ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dùn ún gbọ́. Ọwọ́ tí ó di àáké mú wà nínú igbó, ṣùgbọ́n ẹnu tí ó ń pè é wà ní etí òkun, nínú ilé tí wọ́n ti fa kúràn sí, tí wọ́n sì ní tẹlifíṣọ̀n; kúràn náà wọ́n jù láti fi se ẹ̀wà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀wà kò ní àìjinná. Ibi tí àwọn tí ń ka iye ilé tí iná dé ti máa ń ṣì í nìyí: iná dé ilé, kò dé ìdí ìkòkò.

Ti ojú irin kò gùn. Àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹ láti etí òkun ní 1900, ó dé ọ̀dọ̀ wa kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀, ó sì parí ní Parakú lẹ́yìn kìlómítà 438. Ẹ̀rọ olóoru-omi ni ó kọ́kọ́ ń fa ọkọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ti epo dísù dé. Kò sí ohun tí ó tíì kọ́ ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ tó ọkọ̀ ojú irin yẹn pé iná lè rìn. Àwọn àgbà tí ó mọ̀ ọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni ń ki ẹranko. Ìdákẹ́ ni ó wà ní ibùdókọ̀ rẹ̀ nísinsìnyí, koríko sì ń hù láàárín irin méjèèjì, ẹrù tí ó yẹ kí ó gbé sì ti bọ́ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ ńlá tí ń mu epo bí ẹni tí òùngbẹ ti ń gbẹ láti èṣín.

Epo yẹn wá ni ọ̀rọ̀. Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ kì í ṣe aláìní epo pátápátá: wọ́n wà á nínú òkun ní Sẹ̀mẹ̀ láti 1982 títí di 1998, kí ó tó di pé kànga náà kò mówó wọlé mọ́. Ṣùgbọ́n ẹsáńsì tí ń gbé alùpùpù akérò tí a ń pè ní zémìján káàkiri Ṣábẹ̀ẹ́, láti òdìkejì ààlà ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá, láti Nàìjíríà, ní orí alùpùpù tí wọ́n di kẹ́ẹ̀gì mọ́ níhà gbogbo títí tí a kò fi rí ẹni tí ń wà á mọ́. Kpáyò ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ìgò ni wọ́n ń tà á sí, àrọ tí wọ́n fi aṣọ dí nídìí ni wọ́n fi ń sẹ́ ẹ, ọmọdé tí kò tíì lè ka ìwé sì lè sọ iye rẹ̀ fún ọ. Ìjọba ti lé àwọn tí ń tà á títí, ó rẹ̀ ẹ́. Nítorí ilé epo tòótọ́ jìnnà síra, kpáyò sì wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé. Ohun tí òfin kò lè ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀rọ̀ ẹnu kan ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde ní Àbújá pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Ní Ṣábẹ̀ẹ́ níbí, tí a kò dìbò fún un, tí a kò sì sí nínú ìlú rẹ̀, owó epo fò sókè, owó zémìján tẹ̀ lé e, owó tòmátò tẹ̀ lé ti zémìján. Oṣù mẹ́rin kò sì pé lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án, tí ilé ìpamọ́ kpáyò kan gbiná ní Sẹ̀mẹ̀-Kràkẹ́, tí ó sì pa èèyàn tí ó lé ní 30, ìkókó wà nínú wọn. Epo kò mọ olówó, kò mọ onífàyàwọ́. Ohun tí ó mọ̀ ni ìṣáná.

Epo mìíràn tún wà tí ń gba ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ kọjá tí a kì í tilẹ̀ gbóòórùn rẹ̀. Àwọn ará Ṣáínà ri ọ̀pá sínú ilẹ̀ láti pápá epo Agadem ní Nìjẹ̀r wá sí etí òkun Sẹ̀mẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,000 kìlómítà, ní 2024 sì ni epo rẹ̀ àkọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ. Epo rọ̀bì ni, a kò sì ní ibi tí a ó ti fọ̀ ọ́. Àgbàdo inú ìgò ni, ó di àwòmọ́jú fún adìẹ.

Ní ti kúràn, ìtàn tirẹ̀ ni ó dùn mọ́ mi jù, nítorí ìtàn àdúgbò ni. Ní 1968, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀, tí ó ń jẹ́ Dàhọ̀mì nígbà náà, fi ọwọ́ sí ìwé, wọ́n sì dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa wá kúràn fún àwọn méjèèjì, àjọ tí a mọ̀ sí CEB. Ìdídò Akosombo ti wà ní Gánà nígbà náà, tí Kwame Nkrumah ṣí ní oṣù Kìíní 1966, oṣù kan ṣáájú kí àwọn ológun tó gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Adágún tí ó sì bí gba ilẹ̀ tí ó tó bí 8,500 kìlómítà onígun mẹ́rin. Láti 1972 ni omi odò Vólítà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tan iná ní etí òkun wa, ó gba Lòmé kọjá kí ó tó dé Kútọnu. Ní 1987, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ parí ìdídò tiwọn ní Náńgbétò lórí odò Mónò, mẹ́gáwáàtì 65, èyí tí kò pé ìdá kan nínú mẹ́wàá ti Akosombo, ṣùgbọ́n tiwa ni. Ní 2007, wáyà ńlá kan wọlé láti Ìkẹjà sí Sákétẹ́, ni kúràn Nàìjíríà náà bá dára pọ̀. Nítorí náà, gílóòbù kan ní Ṣábẹ̀ẹ́ lè máa jó lálẹ́, kí baálé ilé má sì mọ̀ bóyá òjò Gánà ni ó ń tan án ni, tàbí gáàsì Nàìjíríà.

Aṣọ àyálò kì í bo àṣírí ẹni pẹ́. Nígbà tí ọ̀dá dá ní 1983 sí 1984, adágún Vólítà fà, Gánà kò rí tó ara rẹ̀ lò, kí ó tó di pé ó rántí ará ilé kejì. Ní 1998 ó tún ṣẹlẹ̀, tí Kútọnu fi ń wà lókùnkùn ní àdúgbò dé àdúgbò. Ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ra jẹnẹrétọ̀ àkọ́kọ́, tí kpáyò sì rí oníbàárà tuntun. Láti ìgbà náà ni Bẹ̀nẹ̀ ti ń wá ti ara rẹ̀, ó sì kọ́ ilé iṣẹ́ amúnáwá kan sí Màríà-Gléta, mẹ́gáwáàtì 127, tí wọ́n ṣí ní 2019. Ẹ̀rọ ibẹ̀ lè lo gáàsì, ọ̀pá gáàsì tí ó gba abẹ́ òkun láti Nàìjíríà dé Gánà, kìlómítà 678, sì wà nítòsí rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ẹ̀rọ di tiwa, ohun tí yóò jẹ ṣì ń ti ilé aládùúgbò wá. Odò Wẹmẹ tiwa, èyí tí ó gùn jù lọ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ṣì ń ṣàn lọ sí òkun láìní ìdídò ńlá kan lọ́rùn. Ètò ọ̀kan wà nítòsí Kétu, ti mẹ́gáwáàtì 128, tí a ti ń sọ títí tí àwọn tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ fi ń hewú. Èmi pàápàá kò mọ bí ó ti yẹ kí inú mi rí sí i, nítorí pé ìdídò kì í mu omi nìkan, a máa mu abúlé, ibojì, àti ojúbọ pọ̀ mọ́ ọn.

Ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa gan-an ni a kì í sọ púpọ̀. Ilé iṣẹ́ ṣúgà Ṣábẹ̀ẹ́, tí Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà jọ dá sílẹ̀ tí ó sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Ṣáínà lẹ́yìn náà, kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan láìpariwo. Bí a bá ti fún omi inú ìrèké tán, pàǹtí tí ó kù ni a ń kó sínú iná láti se omi. Ooru omi ni ó ń yí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ni ó sì tún ń fún ìrèké mìíràn. Ìrèké ń fi egungun ara rẹ̀ sè ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, bí mo bá lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èèpo kajú tí ń di òkìtì níbi tí wọ́n ti ń pa kajú, tí òróró inú rẹ̀ ń jó fòòfò. Púpọ̀ rẹ̀ ń lọ lásán.

Afẹ́fẹ́ ni mo fẹ́ fo kọjá, nítorí pé àyàfi ní etí òkun, afẹ́fẹ́ tiwa kì í fẹ́ tó èyí tí ń yí ẹ̀rọ ńlá. Ọyẹ́ a máa gbé erùpẹ̀, kì í gbé irin. Oòrùn ni ti wa. Ní ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́, orí ilẹ̀ tí ó gùn ní mítà kan, tí ó sì fẹ̀ ní mítà kan, ń gba nǹkan bíi kìlówáàtì-wákàtí 5 lójúmọ́. Ẹ rántí àgbẹ̀ wa tí kò lè mú ẹyọ kan wá láti àárọ̀ di alẹ́, ẹ ó sì rí i pé àgbàṣe ọkùnrin mẹ́jọ ni ó ń dà sórí ibi tí ẹní kékeré kan bò. Páńẹ́lì kì í gbà ju bí ìdá kan nínú márùn-ún lọ nínú rẹ̀, ìyẹn náà sì ti pọ̀. Ìjọba ti tẹ́ ọ̀pọ̀ páńẹ́lì tí agbára wọn tó mẹ́gáwáàtì 25 sí Illoulofin nítòsí Pobẹ̀, ilẹ̀ àwọn ará wa, wọ́n sì ṣí ibẹ̀ ní 2022. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wú mi lórí ni ti abúlé, níbi tí ọ̀dọ́kùnrin kan ti ra páńẹ́lì kan tí kò ju apẹ̀rẹ̀ lọ, tí ó ń bá gbogbo ará oko gba agbára sí fóònù, tí ó ń gba owó kékeré lọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan. Kò dúró de òpó kankan. Àbùkù rẹ̀ ni pé oòrùn kì í wọ àjà sùn, inú bátírì ni a ní láti pa á mọ́ sí di alẹ́. Bí bátírì bá ti gbó, iná tán, bátírì tí ó ti gbó náà sì máa ń di ohun tí àwọn ọmọdé ń fi ṣeré lórí ààtàn, májèlé ni.

Bí a bá wá bi mí pé èwo ni kí á kọ́kọ́ mú, n kò ní sọ pé kí a má fa wáyà, nítorí pé ilé ìwòsàn tí kò ní kúràn, orúkọ lásán ni ó ń jẹ́. Ohun tí mo ń bá àwọn aláṣẹ jà sí ni pé wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti orí òpó, wọn kì í bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ìdí ààrò. Àdògán tí a fi amọ̀ àti irin ṣe dáadáa lè dín igi kù ní nǹkan bí ìdajì, owó rẹ̀ kò sì tó ti òpó kan. Gáàsì inú sìlíńdà ń wọ ilé àwọn olówó oṣù. Ẹni tí ń rówó lójoojúmọ́ kò lè ra gáàsì ìgò kan lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ń ta gáàsì ní agolo. Ìyẹn gan-an ni èédú fi borí rẹ̀. Àwọn ìyá tí ń yan gàrí, tí ń ru igi, tí ń fi ojú gba èéfín, mi ò tíì rí ìpàdé agbára kan tí wọ́n pè wọ́n sí, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ni wọ́n mọ̀ ju gbogbo wa lọ bí iná ti ń náni.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan láìpẹ́ yìí, mo jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin, níwájú ìyá aláàkàrà kan. Èédú ń pọ́n nínú àdògán rẹ̀. Fóònù ọmọ rẹ̀ ń gba agbára lára bátírì kékeré kan tí oòrùn ọ̀sán ti kún. Ìgò kpáyò mẹ́ta wà lórí tábìlì aládùúgbò rẹ̀, díẹ̀ jìnnà sí iná, kò jìnnà tó lójú tèmi. Lókè orí gbogbo wa ni wáyà kúràn ń kọjá lọ. Bí ó ti ń dá ẹ̀wà lílọ̀ sínú epo ni kúràn lọ. Ojú pópó ṣókùnkùn, rédíò ilé ọtí dákẹ́ lójijì, àwọn ọmọdé hó yèè. Ìyá náà kò gbé orí sókè. Ó na ọwọ́ mú abẹ̀bẹ̀, ó fẹ́ èédú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àkàrà sì ń bá ariwo tirẹ̀ lọ nínú epo.